Bí mo ṣe kọ ìwé tí CDA wa mú lọ sí káńsù lórí ilé olówó pọ́ọ́kú

Iṣẹ́ akọ̀wé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ní Ìdí-Àràbà, Muṣin, kò lówó lórí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọn kì í gbé lé akọ̀wé lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ilé délẹ̀ ní ìpàdé wa, tí àwọn ayálégbé ń ka ohun tí lánlọ́ọ̀dù fi kún un, owó ajẹ́ǹtì àti owó àgírímẹ́ǹtì, màmá kan ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ní London ń gbé ilé kọ́ńpìnnì káńsù, owó rẹ̀ kò sì tó ti ọjà. Kí ló dé tí káńsù tiwa kò lè dá irú ẹ̀ sílẹ̀? Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Bàbá Alága kọjú sí mi: "Akọ̀wé, bá wa kọ ọ́, kó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ká má lọ sọ ohun tí wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Ìwé náà ti dé káńsù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, nítorí CDA méjì ti ń bèèrè lọ́wọ́ mi.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú àpẹẹrẹ wá. Barking and Dagenham, àdúgbò kan ní London, ni ọmọ náà ń gbé. Reside lorúkọ kọ́ńpìnnì tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀, káńsù ló ni ín. Káńsù yẹn kan náà tún dá Be First sílẹ̀ ní 2017 láti máa rí sí kíkọ́ ilé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé káńsù ti ń kọ́lé fún mẹ̀kúnnù níbẹ̀ ọjọ́ pẹ́; kí ni wọ́n tún ń fi kọ́ńpìnnì ṣe? Òfin 1980 tí ìjọba Margaret Thatcher ṣe ló dáhùn rẹ̀. Òfin yẹn fún ẹni tó ń gbé ilé káńsù lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ilé náà ní ẹ̀dínwó. Ilé káńsù bẹ̀rẹ̀ sí í tán lọ́wọ́ wọn, owó tó wọlé kò sì tó fi kọ́ òmíràn dípò. Ìjọba tún fi gbèdéke sí gbèsè tí káńsù lè jẹ nítorí ilé, 2018 ni wọ́n tó mú un kúrò. Ṣùgbọ́n òfin kan ní 2011, Localism Act, ti fún káńsù lágbára láti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe tí òfin kò bá ti kà á léèwọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà. Káńsù á yáwó lọ́wọ́ ìjọba ní èlé kékeré, á tún owó náà yá kọ́ńpìnnì rẹ̀ ní èlé tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, á sì fún un nílẹ̀. Kọ́ńpìnnì á kọ́lé, á ta díẹ̀ ní iye ọjà, á fi èrè ibẹ̀ gbé èyí tí wọ́n ń fi háyà ní owó pọ́ọ́kú. Ilé tó bá sì jẹ́ ti kọ́ńpìnnì, òfin 1980 kì í sábà dé ibẹ̀.

Ìwé mi ì bá dùn ká létí ká ní mo dúró síbẹ̀. Croydon ni kò jẹ́. Káńsù Croydon, tí òun náà wà ní London, dá kọ́ńpìnnì tirẹ̀, Brick by Brick, sílẹ̀ ní 2015, ó sì yá a lówó tó sún mọ́ 200 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ní oṣù kọkànlá 2020, káńsù náà fi ìwé tí wọ́n ń pè ní section 114 síta: àpò ti gbẹ, kò sí ìnáwó tuntun mọ́ àfi èyí tí òfin bá sọ di dandan. Brick by Brick nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n àwọn aṣàyẹ̀wò owó nawọ́ sí i dáadáa. Owó ń jáde, èrè tí wọ́n ń retí kò wọlé, àwọn tó yẹ kó sì máa bèèrè ọ̀rọ̀ kò bèèrè tó. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé wa. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí n yọ ọ́, pé ẹni tó ń tọrọ nǹkan kì í ka àbùkù rẹ̀. N kò yọ ọ́. Káńsù ní agbẹjọ́rò. Ohun tí a bá fi pamọ́, òun ni wọ́n á fi dá wa padà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá sílé. Ẹ wá Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ lọ sí àfikún kẹrin rẹ̀, Fourth Schedule. Iṣẹ́ káńsù wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, odò ẹran, kíkó ìdọ̀tí, sísọ àdúgbò lórúkọ. Káńsù lè fún ilé yín ní nọ́ńbà, ó lè díye lé e kó sì gba owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ilé ìtọ́jú aláìní àti aláìlera, kíkọ́ ilé tí èèyàn máa gbé kò sí nínú rẹ̀. Mo tún un kà. Ní ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ títì, gọ́tà àti iná ojú pópó, wọ́n fi kún un pé, tàbí ohun amúlúdùn mìíràn tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá là kalẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n òwú lè gba ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà kan ìwé wa fi lọ sọ́dọ̀ aṣòfin wa ní Aláùsá.

Ti owó, mi ò fi bẹ́ẹ̀ jà lórí ẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù. Mo tọ́ka sí ìdájọ́ náà, mo kọjá.

Ilẹ̀ ló le. Òfin ilẹ̀ 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà. Ibi tí kì í ṣe ìgboro ni káńsù lágbára lé, Muṣin kì í sì í ṣe oko. Nítorí náà èmi àti akápò wa jáde lọ wo ilẹ̀ tí káńsù ń lò tẹ́lẹ̀. Èyí tó dára jù nínú wọn wà lẹ́yìn ọjà, ògiri rẹ̀ ti wó lápá kan. Katakata kan wà níbẹ̀ tí kò ní táyà, ewéko ti gba inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jáde, mẹkáníìkì kan sì ti so aṣọ rẹ̀ sára rẹ̀ kó gbẹ. Bó ṣe rí wa pẹ̀lú bébà ló fò dìde: "Ẹ̀yin ìjọba, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lé wa o!" A ní a kì í ṣe ìjọba. Kò gbà wá gbọ́ títí a fi fẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ tán. Mo kọ ọ̀rọ̀ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú, pé wọ́n gbọ́dọ̀ rí ibi tí wọ́n máa lọ.

Bàbá Alága ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. LEDB, àjọ àtúntò ìlú Èkó tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ ní 1928, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ń pa èèyàn l'Ékòó, òun ló wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955, tó ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ìyá Bàbá Alága wà nínú wọn. "Ilé náà mọ́, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀," ni Bàbá wí, "ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wá láti Ìdúmọ̀tà wá ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá mi ní Sùúrùlérè?" Ní 1972 wọ́n pa LEDB pọ̀ mọ́ ti Ìkẹjà àti ti Ẹ̀pẹ́, ó di LSDPC, àjọ tó ń kọ́lé fún ìpínlẹ̀, òun sì ni Jákańdè lò láti fi kọ́lé nígbà tó jẹ́ gómìnà, 1979 sí 1983. Ẹ ò rí i pé irú kọ́ńpìnnì tí à ń wá yìí kò ṣàjèjì sí Èkó. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló kàn wà.

Ìyẹn ló yí ìwé wa padà. Dídá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ kò ṣòro, ẹni tó bá ní owó ìforúkọsílẹ̀ kọ́ńpìnnì ní CAC lè ṣe é. Bí kò bá sí ilẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó ń yẹ ìwé owó wò, oyè dáyírẹ́kítọ̀ nìkan ni a ó rí pín. Nítorí náà ìlà tó kẹ́yìn ni mo fi "kọ́ńpìnnì" sí. Ohun tí a kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí káńsù kọ orúkọ gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ tó wà lófìfo síta. Kí ó bá LSDPC sọ̀rọ̀, kí káńsù mú ilẹ̀ wá, kí wọ́n jọ kọ́ ọ. Kí ilé náà jẹ́ ti háyà, kí wọ́n má tà á, kí wọ́n sì máa lẹ ìṣirò owó rẹ̀ mọ́ ara ògiri káńsù níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i.

Ọ̀rọ̀ háyà yìí ni a jiyàn lé lórí jù. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ètò rent-to-own: ìdá 5 nínú 100 lèèyàn á kọ́kọ́ san, ìyókù á di ti ọdún 10. Ó dára fún ẹni tó ń gba owó oṣù, tó ní ìwé owó orí lọ́wọ́. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà wa kò ní ìwé owó oṣù, àjọ ojoojúmọ́ ló ń dá. Òun náà ló ní kí n kọ ọ́ báyìí: "Akọ̀wé, ẹ bi wọ́n pé pọ́ọ́kú ti ta ni?" Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn lè máa sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì gba ìwé alájọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà tó pọ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé ọ̀kan padà fún yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Èsì tiwa ti dé láti ẹ̀ka iṣẹ́ òde: wọ́n fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọjà yẹn ṣe fẹ̀ tó. A ti ń dáwó fún sọ̀féyọ̀.