Ìyá rere, ìyá búburú: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ yín lówó ní Ṣómólú

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé páálí ìwé ìtàn àròsọ mẹ́rin wá bá mi ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó. Ó ti tẹ̀ ẹ́ tán kó tó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ka ojú ewé márùn-ún, mo bi í pé: "Àbúrò, ìyàwó kékeré yìí máa ya wèrè níkẹyìn, àbí?" Ó lanu sílẹ̀. "Háà, ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn àròsọ nípa ìyá, ẹ jẹ́ kí n tú u síta kó má bàa pa mí sínú.

1. Ẹ yé fi "Ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí" bẹ̀rẹ̀ ìwé.

2. Ẹ má sanwó èèpo ìwé nígbà tí olóòtú kò tíì fojú kan ohun tó máa wà nínú rẹ̀. Mi ò ní ṣàlàyé èyí.

3. Ìyá tí kò ní àléébù. Èyí gan-an ló ń gbé mi nínú. Ìyá rere yín á jí láago mẹ́rin, á gbàdúrà, á sunkún, á ta àkàrà, á febi sùn kí ọmọ lè yó. Ìró kan ṣoṣo ló ní láyé. Kì í ṣòfófó, kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ní Èkó! Ẹni tó ń tajà ní Oyíngbò tí kò bá alájọ jà rí, ẹ mú un wá kí n fojú rí i. Ti ìyá búburú wá ńkọ́? Ètè pupa, èékánná ṣọnṣọ, á máa bomi sọ́bẹ̀ ọmọ orogún. Kò fìgbà kan fa aṣọ bo ọmọ tó sùn.

Nínú ilé tí mo gbé dàgbà ní Bárígà, obìnrin tí gbogbo yàrá ń pè ní alágídí ló gbé mi pọ̀n sáré lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí gìrì mú mi. Ìyá tèmi, aṣáájú àdúrà, wà níbi ìnáwó. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà, ẹ̀yin ẹ ń wá ètè pupa kiri.

Buchi Emecheta, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó ní 1944, ti ṣe é fún wa láti 1979 nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, The Joys of Motherhood. Nígbà tí àkọ́bí Nnu Ego, ìyá tí ìtàn náà dá lé, kú, orí afárá Carter ló sáré lọ láti bẹ́ sómi. Ó wá bímọ púpọ̀, ó tọ́ wọn, ẹ̀bá ọ̀nà ló kú sí láìsí ọmọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adaku orogún rẹ̀ kẹ́rù jáde pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé aṣẹ́wó lòun ń lọ ṣe, ó sì rán àwọn ọmọ náà nílé ìwé. Èwo ni ìyá rere níbẹ̀? Òǹkọ̀wé náà kò bá wa dájọ́.

Orí mi kì í ṣe ti alájọ Ṣómólú, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ẹ fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ẹnì kan kọ "oko iya mi" sí mi. Bóyá ilẹ̀ ni, bóyá èèyàn ni, mi ò tíì mọ̀ dòní. Àti pé ìyá tó dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó kì í sọ̀rọ̀ bíi tíṣà.

Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù yín lọ. Nínú ìwé mi àkọ́kọ́, mọ́tò ni mo fi pa ìyá búburú, lórí Third Mainland, lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ orogún rẹ̀. Ẹ̀dà 1,000 ni mo tẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Eku ti kà á ju èèyàn lọ.

Ìyá mi kò mọ̀wé, èmi ni mo kà á sí wọn létí. Nígbà tí mo parí, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Èyí tó ń sunkún ṣáá yẹn, èmi ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Irọ́ lo pa. Èmi tí mo la alájọ mọ́lẹ̀ tí wọ́n fi pe ọlọ́pàá?"