Bí mo ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ èdè Malayalam

Ọ̀rọ̀ Malayalam mẹ́ta ló kọ́kọ́ dá mi lágara ní Thiruvananthapuram, olú ìlú ìpínlẹ̀ Kerala ní India. Pani ni ibà. Paṇi, tí a ká ahọ́n sẹ́yìn kí a tó pe n inú rẹ̀, ni iṣẹ́. Panni, tí a fa n rẹ̀ gùn, ni ẹlẹ́dẹ̀. Obìnrin tó ni ilé tí mo gba yàrá sí á pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mi létí, á ní kí n pè é tẹ̀lé òun, èmi á sì pe ọ̀kan ṣoṣo nígbà mẹ́ta. Chechi ni mo ń pè é, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin, torí pé ní Kerala, bíi ti ilé wa, a kì í pe ẹni tó juni lọ lórúkọ lásán.

Iṣẹ́ àṣekágbá fún oyè másítà ló gbé mi débẹ̀. Mo fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ní Malayalam, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ará ilé bi mí pé kí ló dé tí n kò fi Yorùbá ṣe é. Èsì mi ni pé ọwọ́ olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà ni Malayalam wà, àwọn tó lè bá mi yẹ iṣẹ́ mi wò sì pọ̀ yí mi ká. Ẹni tó bá sì ti rí bí èdè yẹn ṣe dùn lẹ́nu àwọn tó ni ín, kò ní bi mí léèrè mọ́. Nínú ìkànìyàn India ti ọdún 2011, àwọn tó ń sọ ọ́ bí èdè abínibí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 35. Kerala ni wọ́n pọ̀ sí jù, wọ́n sì wà ní àwọn erékùṣù Lakshadweep àti ìlú Mahé.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkó ohùn jọ. OpenSLR ni mo kọ́kọ́ lọ, ibì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Google gbé ohùn oríṣiríṣi èdè sí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Nọ́ńbà 63 ni ti Malayalam. Nígbà tí mo ń wò kiri, mo rí Yorùbá ní nọ́ńbà 86, mo sì jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kàn ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn wa. Mo tún gba ohùn tí ẹgbẹ́ Swathanthra Malayalam Computing gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùyọ̀ǹda. Láti ọdún 2002 ni ẹgbẹ́ yẹn ti ń ṣe fọ́ǹtì àti oríṣiríṣi irinṣẹ́ fún èdè wọn, tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kí wọn tọkàntọkàn, torí láìsí wọn ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo ṣe kò ní ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn náà ni mo pín ohùn sí méjì: èyí tí kọ̀ǹpútà yóò fi kẹ́kọ̀ọ́, àti èyí tí mo fi pamọ́ fún ìdánwò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ má ṣe kàn pín in ṣákálá. Nínú orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan lórí OpenSLR, nọ́ńbà tó dúró fún ẹni tó sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Mo fi nọ́ńbà yìí ṣètò rẹ̀, kí ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ má baà sí nínú ìdánwò. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn àwọn ènìyàn kan ni módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń kẹ́kọ̀ọ́, yóò mọ̀, a ó sì rò pé èdè ló mọ̀.

Ibi tí ìyà ti kọ́kọ́ jẹ mí ni fífọ àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ mọ́, ìyẹn yíyọ àwọn àmì tí kò wúlò kúrò nínú rẹ̀. Nínú ìwé Malayalam, kọ́ńsónáǹtì kọ̀ọ̀kan ti gbé a sínú. ന nìkan, na ni. Bí a bá fẹ́ kí ó di nu, a ó fi àmì fáwẹ̀lì kún un: നു. Bí a kò bá sì fẹ́ fáwẹ̀lì rárá, a ó fi àmì kékeré kan tó tẹ̀ kọrọdọ sí orí rẹ̀, chandrakkala, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ìlànà kan wà nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń dà kọ lára ara wa: yọ ohunkóhun tí kì í bá ṣe lẹ́tà, nọ́ńbà tàbí àlàfo. Mo dà á kọ, mo sì lò ó. N kò mọ̀ pé lójú ìlànà yẹn, àmì fáwẹ̀lì Malayalam kì í ṣe lẹ́tà, chandrakkala náà kì í sì í ṣe lẹ́tà.

Ọjọ́ kejì ni mo tẹ díẹ̀ jáde fún chechi kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Gbólóhùn kan níbẹ̀ yẹ kó jẹ́ മഴ പെയ്യുന്നു, mazha peyyunnu, ìyẹn òjò ń rọ̀. Ohun tó wà lórí ìwé ni മഴ പയയനന. Chechi kà á sókè bó ṣe rí: mazha payayanana. Ó wojú mi, ó ní èdè wo nìyí? Gbogbo àkọsílẹ̀ mi ló ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní òun kò kà á ni, ń bá ti fi odidi ọ̀sẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè tí kò sí láyé.

Mo tún un ṣe. Dípò kí n máa sọ ohun tí a ó fi sílẹ̀, mo ka àwọn àmì tí a ó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: kọ́mà, àmì ìdúró, àmì ìbéèrè àti irú wọn. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà lè ní ju ìkọ̀wé kan lọ nínú kọ̀ǹpútà. Malayalam ní àwọn lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní chillu, kọ́ńsónáǹtì tó dá dúró láìní fáwẹ̀lì. Kí ó tó di ọdún 2008, àmì mẹ́ta ni a ń tò pọ̀ nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, kí chillu kan tó jáde, ìkẹta wọn sì jẹ́ àmì tí ojú kò lè rí. Ní ọdún yẹn ni wọ́n fún chillu kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ àti tuntun wá wà pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni എന്റെ, ente, tó túmọ̀ sí tèmi. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà tẹ̀ ẹ́, ojú ènìyàn kò sì rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Mo kọ ètò kékeré kan tó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan, mo sì rí i dájú pé ó ṣiṣẹ́ kí n tó yọ àwọn àmì tí kò hàn. Bí a bá kọ́kọ́ yọ wọ́n, chillu àtijọ́ yóò ti bàjẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Módẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí mo lò ni XLS-R, tí Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, gbé jáde ní ọdún 2021. Ó ti gbọ́ ohùn tó tó wákàtí 436,000 ní èdè 128, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Ohùn lásán ló ti gbọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n so ohùn tó ti mọ̀ yẹn pọ̀ mọ́ lẹ́tà Malayalam. Mo sọ ohùn tí a wọn ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan di ti ìgbà 16,000, torí èyí ni módẹ́ẹ̀lì náà mọ̀. Ó ń pín ohùn sí wẹ́wẹ́, ó sì ń sọ lẹ́tà tó rò pé ó wà nínú wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà kan bá tẹ̀lé ara rẹ̀ léraléra, a ó kà á sí ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ panni bà mí lẹ́rù níbẹ̀, mo ní n méjèèjì á di ọ̀kan. Àmọ́ chandrakkala jókòó sáàárín wọn nínú ìwé, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀. Inú mi dùn sí àmì yẹn lọ́jọ́ náà.

Ohun tó le jù ni bí ọ̀rọ̀ Malayalam ṣe ń so mọ́ra. Níbi tí Yorùbá ti máa sọ pé ó ń bọ̀ lọ́wọ́, wọn á sọ vannukoṇṭirikkunnu, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ jọ kí n fi ran módẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kó o tó, ọ̀rọ̀ tuntun kò tán. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú àkójọ mi, módẹ́ẹ̀lì á fipá sọ ọ́ di èyí tó fara jọ ọ́. Nígbà tí mo gé ọ̀rọ̀ sí sílébù dípò odidi ọ̀rọ̀ ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í dára.

Nígbà tí ó yá, mo fẹ́ fi Whisper wé e, módẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, èyí tí OpenAI gbé jáde ní ọdún 2022. Mo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kan náà, mo fi ìdánwò kan náà dán an wò, mo sì lo ètò tó bá a wá láti fi wọn àṣìṣe. Èsì rẹ̀ dára débi pé mo pe olùkọ́ mi lálẹ́. Àṣìṣe inú rẹ̀ kéré jọjọ sí ti àkọ́kọ́. Mo sùn pẹ̀lú ayọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ṣí ohun tí ó kọ, tí mo ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Òjò tún ni mo rí: níbi tí olùsọ̀rọ̀ ti sọ pé mazha peyyunnu, òjò ń rọ̀, módẹ́ẹ̀lì kọ മഴ പെയ്യുന്ന, mazha peyyunna, tí òjò ń rọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí. Ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan ṣì, àṣìṣe ìdá 50 nínú 100 nìyẹn. Ìwọ̀n náà sọ pé òdo.

Mo lọ ka ètò ìwọ̀n yẹn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó fi ọ̀rọ̀ méjì wé ara wọn, ó máa ń fọ̀ wọ́n mọ́, gbogbo ohun tí Unicode bá sì pè ní àmì, ó ń fi àlàfo dípò rẹ̀. Àmì fáwẹ̀lì lọ, chandrakkala lọ. Òjò ń rọ̀ di മഴ പ യ യ ന ന. Tí òjò ń rọ̀ náà di മഴ പ യ യ ന ന. Kò sí ìyàtọ̀ mọ́ láti rí. Àṣìṣe tí chechi bá mi mú nínú fífọ àkọsílẹ̀ ló tún wà nínú ọ̀pá ìwọ̀n, mo sì ti gbà á gbọ́ torí pé nọ́ńbà rẹ̀ dùn ún gbọ́. Àwọn olùwádìí Malayalam ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ṣáájú mi, mo kàn rí tiwọn pẹ́ ni.

Ẹ̀rù bà mí, mo fi Yorùbá sí i. Ilé jáde bó ṣe wọlé, torí é ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní, lẹ́tà ni a ń fi àmì ohùn lé lórí, nítorí náà ọ̀rẹ́ wọlé ní odindi, ó sì jáde ní ọ rẹ, ọ̀rọ̀ méjì tí kò ní ohùn. Mo jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin tó ń ṣe tiwa nílé, ẹ wo ètò tí ẹ fi ń wọn iṣẹ́ yín kí ẹ tó kéde nọ́ńbà kankan.

Mo pa ìfọ̀mọ́ yẹn, mo fi tèmi rọ́pò rẹ̀, mo tún gbogbo ìdánwò ṣe. Ipò Whisper wálẹ̀ gan-an, mo sì pe olùkọ́ mi padà láti sọ fún un pé ohun tí mo sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà méjì ni mo ń kọ sílẹ̀, ti ọ̀rọ̀ àti ti lẹ́tà, torí lẹ́tà kan tó ṣì nínú ọ̀rọ̀ gígùn bíi vannukoṇṭirikkunnu ti ba odidi ọ̀rọ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí módẹ́ẹ̀lì náà gbọ́ dáadáa pọ̀ níbẹ̀.

Oṣù kẹfà ni mo gbé e wálé fún chechi, òjò ń rọ̀ lórí òrùlé. Ó kọ́kọ́ sọ pé ara òun kò yá, pani ń ṣe òun, ẹ̀rọ kọ പനി. Ó sọ pé iṣẹ́ ń dúró de òun, ẹ̀rọ kọ പണി. Ó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ó pe ìyá rẹ̀, tó wá láti apá Malabar ní àríwá, tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo tọrọ àyè kí n tó gba ohùn màmá sílẹ̀, wọ́n sì gbà. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà ilé wọn. Vazhi ni ọ̀nà nínú ìwé, വഴി, ṣùgbọ́n bayi ni màmá pè é, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pè é ní ìhà ọ̀hún. Ẹ̀rọ kọ ബയി.

Mo ní kí n kà á sí àṣìṣe, torí pé bí ìdánwò mi ṣe rí nìyẹn. Chechi dá mi dúró. Ó ní ohun tí ìyá òun sọ gan-an nìyẹn, ẹ̀rọ kò purọ́.

Ìlà méjì ni mo wá ń kọ sí abẹ́ ohùn kọ̀ọ̀kan báyìí: ohun tí ẹnu sọ, àti bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé. Gbólóhùn 40 ni màmá kà fún mi kí wọ́n tó padà sílé, chechi ló bá mi kọ ìlà kejì gbogbo rẹ̀.