Ẹ Má Ṣe Sọ Ìtàn Pulitzer Báyìí

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Joseph Pulitzer, oníwèé ìròyìn Amẹ́ríkà, àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìròyìn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló ń wá síni lọ́kàn, pàápàá láti ìgbà tí Dele Olojede, oníròyìn ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, ti gbà á lọ́dún 2005. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé Pulitzer fọwọ́ ara rẹ̀ pín in fún ẹnikẹ́ni. Ó kú lọ́dún 1911, ọdún 1917 ni wọ́n kọ́kọ́ fúnni.

Ẹ má sì sọ pé iṣẹ́ ìròyìn ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Ogun ni. Makó ní Họ́ńgárì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1847. Àwọn ọmọ ogun Austria kọ̀ ọ́ torí pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ló bá bá àwọn tó ń wá sójà fún ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà lọ lọ́dún 1864. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò tó nǹkan. Westliche Post, ìwé ìròyìn tó gbà á síṣẹ́ ní St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri lọ́dún 1868, èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni bí wọ́n ṣe ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo fo ìṣèlú rẹ̀ kọjá. Ní ìparí ọdún 1869, wọ́n dìbò yàn án sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Missouri. Ọmọ ọdún 22 ni. 24 ni òfin ń béèrè. Síbẹ̀, ó wọlé. Kò pẹ́ tó jókòó síbẹ̀, ní January 1870, ni agbaṣẹ́ṣe kan, Edward Augustine, tí Pulitzer ti ń fi ìwé ìròyìn gbógun tì, pè é ní òpùrọ́ lójú àwọn èèyàn nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Jefferson City. Pulitzer jáde, ó lọ mú ìbọn ìléwọ́ rẹ̀, ó padà wá, ó yìn ín. Ẹsẹ̀ ni ọta bà. Augustine náà fọ́ ọ lórí. Aṣòfin ni o! Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé e, iṣẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá yọ èyí kúrò nínú ìtàn rẹ̀, ère ló ń gbẹ́, kì í ṣe èèyàn.

Ẹ̀ẹ̀kejì tó tún ṣe aṣòfin, ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní Washington ni, ó ń ṣojú New York. March 1885 ló bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń kọ ọ́ pé wọ́n lé e ni. Rárá o, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní April 1886, torí World, ìwé ìròyìn tó rà lọ́dún 1883, kò jẹ́ kó ráyè.

Ẹ sì jọ̀ọ́, owó àpò Pulitzer kọ́ ni wọ́n fi mọ ìpìlẹ̀ tí Ère Òmìnira (Statue of Liberty) dúró lé ní New York. World ló fi kéde lọ́dún 1885 pé kí ará ìlú dáwó, ó sì ń tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó bá mú nǹkan wá, bó tiẹ̀ ṣe sẹ́ǹtì díẹ̀ lọmọdé kan kó jọ. Ó ju 120,000 èèyàn lọ tó dá a, owó náà sì lé ní 100,000 dọ́là.

Ó ku ti orúkọ: “Piúlítísà” lọ̀pọ̀ ń pè é. “Púlítísà” ni.