Bí ẹ ṣe máa kó aago àtijọ́ àti ẹrù òfuurufú jọ tí wọn ò fi ní lù yín ní jìbìtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn aago ọwọ́ tó ti pẹ́, tẹ́ ẹ sì tún fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwọn tó lọ sí òṣùpá, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà yìí: èyí tó lọ sókè gangan, èyí tí wọ́n ṣe nígbà kan náà àmọ́ tí ò kúrò nílẹ̀ rí, àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún ìrántí. Aago Bulova tí Dave Scott, ará Amẹ́ríkà, wọ̀ rìn lórí òṣùpá nígbà Apollo 15, ọ̀kan lára ìrìn àjò Amẹ́ríkà sí òṣùpá, lọ́dún 1971, $1,625,000 ni wọ́n tà á ní gbàǹjo ní 2015, Bulova sì ti tún ṣe èyí tó jọ ọ́ jáde tó jẹ́ pé dọ́là ọgọ́rùn-ún mélòó kan lẹ máa fi gbé e lọlé. Kò sóhun tó burú nínú èyíkéyìí o, wàhálà ibẹ̀ ni ẹni tó ń tà tó máa da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tó máa wá pe owó èyí tó lọ sókè fún yín.

Èmi ò ní ní kẹ́ ẹ fi Omega, aago tí wọ́n kó fáwọn tó lọ sí òṣùpá, bẹ̀rẹ̀. Seiko 6139 olójú yẹ́lò ni kẹ́ ẹ wá, èyí táwọn èèyàn ń pè ní Pogue, torí William Pogue, ará Amẹ́ríkà tó lọ sí òfuurufú, mú tiẹ̀ dání lọ sí Skylab, ibùdó Amẹ́ríkà lójú òfuurufú, ní November 1973, ọjọ́ 84 ló sì lò lọ́hùn-ún. NASA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, ò fọwọ́ sí aago yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló ti ń lò ó látìgbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Ìtàn yẹn máa ń dùn mọ́ mi gan-an, torí aago tí ẹnikẹ́ni lè wọ ṣọ́ọ̀bù lọ rà nígbà yẹn ni.

Tó bá dọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ bá rí i pé ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá ò rìn, ẹ má sọ pé ó ti bàjẹ́, sítọ́ọ̀pùwọ́ọ̀ṣì nìkan ni ọwọ́ yẹn wà fún. Ẹ tẹ bọ́tìnnì òkè, ẹ jẹ́ kó rìn fún bí ìdajì wákàtí, ẹ máa wo ojú kékeré tó wà nísàlẹ̀ bóyá ó ń ka ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá tún bọ́tìnnì náà tẹ̀ kó dúró, kẹ́ ẹ tẹ ti ìsàlẹ̀ kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Orí 12 géérégé ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí, tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, ẹ ti mọ̀ pé owó àtúnṣe wà nílẹ̀, ẹ já iye ẹ̀ kúrò nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ san. Ẹ tún wo nọ́ḿbà ẹ̀yìn ẹ̀: àkọ́kọ́ ni ọdún, èkejì ni oṣù, tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 34, April 1973 nìyẹn. Ojú yẹ́lò tuntun pọ̀ lọ́jà tí wọ́n ń gbé sínú aago tó ti gbó, torí náà tí ojú bá ń dán tí ara sì ti họ, ẹ béèrè dáadáa.

Omega Speedmaster ńkọ́? 1957 ló jáde, March 1965 ni NASA fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ooru, òtútù àti ìgbọ̀nrìrì dán an wò pẹ̀lú aago iléeṣẹ́ míì. Èyí tí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 321 (ẹ̀rọ tó ń mú aago ṣiṣẹ́) wà nínú ẹ̀, irú èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn Apollo 11, owó ńlá ni. Àmọ́ láti 1968 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ́ńjìnnì 861 síbẹ̀, ojú kan náà ló ní, owó ẹ̀ sì rọjú jùyẹn lọ. Ẹ wo etí ara ẹ̀ bóyá ó ṣì mú, torí èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán léraléra máa ń rí rọ̀bọ̀tọ̀. Tí ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀ bá kọ T méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ SWISS MADE, tritium, èròjà tó ń mú kí ojú aago máa tàn, ló wà nínú ẹ̀, tritium tó ti tó àádọ́ta ọdún ò lè máa tàn mọ́ nínú òkùnkùn, tó bá ń tàn yòò, ẹnì kan ti tún un kùn nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé ilé gbàǹjo ńlá ti tó ẹ̀rí. Ní 2021, Phillips ta Speedmaster kan ní Geneva ní mílíọ̀nù mẹ́ta owó Switzerland àti díẹ̀, Omega fúnra wọn ló rà á fún mùsíọ́mù wọn, ní 2023 ni wọ́n wá sọ pé ara aago oríṣiríṣi ni wọ́n tò pọ̀ di ẹyọ kan.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ta Omega tí NASA fún awakọ̀ òfuurufú kan fún yín, ẹ sá. Ti ìjọba Amẹ́ríkà làwọn yẹn. Bulova Scott rọrùn láti tà torí tiẹ̀ ni, òun ló mú un dání. Òkúta tí Apollo kó wálé náà, ti ìjọba ni, kò sẹ́ni tó lè tà á fún yín.

Tówó ò bá pọ̀, ibi tó dùn jù lójú tèmi ni ìwé àti sítáǹbù. Nígbà Mercury àti Gemini, ìrìn àjò òfuurufú tí NASA ṣe ṣáájú Apollo, Kano wà lára ibi tí NASA ti ń tọpa ọkọ̀ wọn, Nàìjíríà sì tẹ sítáǹbù ibùdó yẹn jáde ní 1963. Togo àti Dahomey (orílẹ̀-èdè Benin òde òní) náà tẹ ti Apollo. Ìwọ̀nyẹn ò wọ́n rárá, ìtàn tiwa ló sì wà lára wọn! Ẹ fi wọ́n sínú álúbọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ooru àti ọ̀rinrin ò dé, torí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn wọn máa ń tètè lẹ̀.

Ti fọ́tò tí wọ́n fọwọ́ sí, NASA ní ẹ̀rọ tó ń bá àwọn tó lọ sí òfuurufú sáìnì. Tẹ́ ẹ bá gbé sáìnì méjì lé ara wọn tí wọ́n bára mu pátápátá, ẹ̀rọ ni, ọwọ́ èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àpòòwé táwọn Apollo 11 sáìnì fún ìdílé wọn, bóyá wọn ò ní padà wálé, ojúlówó ni, àmọ́ wọn ò gbé wọn lọ sókè, ẹ má sanwó òṣùpá lé e.

Tẹ́ ẹ bá ti ra aago, ẹ tọ́jú rísíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ẹni tó tà á sọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e fún oníṣẹ́ aago, ẹ bi í bóyá ó ti tú irú ẹ̀ rí, ẹ sọ fún un pé kó má fi ẹ̀rọ dán ara ẹ̀, kó sì kó gbogbo nǹkan tó bá yọ padà fún yín sínú ọ̀rá, títí dórí ọwọ́ aago tó ti ṣá, torí òun gan-an lẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín máa béèrè.