Byte mẹ́rin, ọjọ́ mọ́kànlá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rojọ́ ná. Lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan ni ilé-iṣẹ́ tó ni engine, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe géèmù, bu owó lé owó oṣooṣù. Nígbà àkọ́kọ́, mo san án, mo panu mọ́. Nígbà kejì, wọ́n kọ lẹ́tà sí wa, wọ́n ní inú àwọn dùn láti fi iye tuntun náà tó wa létí. Inú ta ló dùn? Lẹ́tà yẹn kan náà ló sọ pé wọ́n ti fi bọ́tìnì kan sí i tí yóò máa bá mi kọ kóòdù. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ kúrò, mi ò rí i. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fagi lé àdéhùn wa, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, èmi fúnra mi ni n ó kọ ohun tí yóò máa ya àwòrán géèmù mi, n ó sì fi Vulkan kọ ọ́, ìyẹn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún káàdì tó ń ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó bá mọ Vulkan ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ máa rín in lọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ló ṣe OpenGL, ẹ̀gbọ́n Vulkan, tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò ṣe nǹkan kan. Ó ti wà láti 1992, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Àmọ́ ní 2018 ni Apple kéde pé àwọn ò ní tọ́jú rẹ̀ mọ́, ẹ̀dà 4.1 ló sì wà lórí ẹ̀rọ wọn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Vulkan ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó jáde ní oṣù kejì 2016, lábẹ́ ẹgbẹ́ Khronos, níbi tí àwọn tó ń bára wọn du ọjà ti jókòó sídìí tábìlì kan náà. Apple ò lò ó, wọ́n ti ní Metal tiwọn láti 2014. Microsoft náà ní Direct3D 12. Èdè mẹ́ta, káàdì kan náà, láti sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: ya onígun mẹ́ta. Ẹni tó bá ń wá ìṣèlú, kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ṣíṣí fèrèsé, yíyan káàdì, swapchain, pipeline, gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé, mi ò ní tún un sọ. Onígun mẹ́ta àkọ́kọ́ gbà mí ní ìlà kóòdù tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Nígbà tó hàn lójú ẹ̀rọ, mo pariwo, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó dúró, ó wò ó, ó ní, “Èyí náà ni, Dádì?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ó sì padà sẹ́nu ohun tó ń ṣe. Ẹ fi ìyàwó mi sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ wá kàn án.

Lẹ́yìn onígun mẹ́ta, nǹkan ń lọ dáadáa. Àwòrán mi kọ́kọ́ dorí kodò, torí pé ìsàlẹ̀ ni Y ń lọ ní Vulkan, òkè ló ń lọ ní OpenGL. Ìyẹn ò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo ti ń wú fùkẹ̀. Mo ti ń sọ lọ́kàn mi pé ṣé ohun tí wọ́n ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ènìyàn lé lórí rèé.

Ìgbà tí mo tan iná ni wàhálà dé.

Yàrá kan ni, tábìlì kan, fìtílà méjì. Mo fún fìtílà kìíní ní àwọ̀ ìyeyè bíi ti iná àbẹ́là: pupa 1.0, àwọ̀ ewé 0.9, búlúù 0.6. Agbára rẹ̀ jẹ́ 4.0. Mo tan án, gbogbo yàrá sì di búlúù bí ẹni pé a wà nísàlẹ̀ òkun. Mo ní bóyá mo ṣi nọ́ńbà kọ. Mo sọ pupa di òdo, kò sí ìyàtọ̀. Mo dá a padà sí 1.0, kò sí ìyàtọ̀. Mo fi kún agbára fìtílà, búlúù nìkan ló ń ki sí i. Fìtílà kejì ní tirẹ̀ ò tàn rárá, ó kàn dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò fún ní àga.

Validation layer wà, ìyẹn ohun tó máa ń bá Vulkan ṣọ́ ènìyàn tó sì máa ń pariwo bí a bá ṣe àṣìṣe. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bú mi lójoojúmọ́, nígbà mìíràn lórí ohun tí kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ tí mo nílò èébú rẹ̀ gan-an, ó dákẹ́ lọ gbáà. Kò sí òfin kankan tí mo rú.

Nítorí náà, ẹlòmíràn ló jẹ̀bi. Driver, ìyẹn ètò tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀, ni mo kọ́kọ́ mú. Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí, mo lọ wá ẹ̀dà tó ti pẹ́, mo fi ìyẹn náà sí. Ọjọ́ méjì lọ bẹ́ẹ̀.

Bí kì í bá ṣe driver, a jẹ́ pé káàdì fúnra rẹ̀ ni. Káàdì mi ti dàgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye tí wọ́n ń ta tuntun, ibẹ̀ ni inú ti bí mi débi pé mo gbàgbé fìtílà. Nígbà tí Nvidia, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì, gbé GeForce 256 jáde ní 1999, àwa onígéèmù ni wọ́n ń polówó rẹ̀ fún. Nígbà tó yá, àwọn tó ń fi káàdì wa owó kírípítò dé, wọ́n sì ń kó o lọ ní páálí páálí. Ní oṣù kẹsàn-án 2022, Ethereum, ọ̀kan nínú owó kírípítò wọ̀nyẹn, jáwọ́ nínú irú ìwakùsà bẹ́ẹ̀, mo ní ó kàn wá wàyí. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ChatGPT jáde, irú rẹ̀ náà sì ń jẹ káàdì. Ní 2024, iye Nvidia lọ́jà ìpín-ìdókòwò ti kọjá trílíọ̀nù 3 dọ́là, kì í sì í ṣe owó géèmù ló gbé e débẹ̀. Àwa tí wọ́n torí wa dá ọjà sílẹ̀ ti di ẹni tó ń dúró lẹ́yìn èrò.

Ìṣèlú ò sì gbẹ́yìn. Ní oṣù kẹjọ 2022, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó ya nǹkan bíi bílíọ̀nù 52 dọ́là sọ́tọ̀ kí wọ́n lè máa ṣe chip, ìyẹn ọpọlọ inú káàdì àti kọ̀ǹpútà, nílé ara wọn. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n ṣe òmíràn tó dí títa èyí tó lágbára jù lọ́nà Ṣáínà. Bẹ́ẹ̀, Táíwàn ni ilé-iṣẹ́ TSMC ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú chip tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà. Ẹ̀rọ tí TSMC sì fi ń fín ìlà tó tín-ín-rín jù sára rẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe é lágbàáyé, ASML, ní Netherlands. Àwọn olóṣèlú a máa sọ̀rọ̀ chip bí ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo: ẹ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ da owó sí i, ẹ dúró de òjò. Mo ka gbogbo èyí títí di aago méjì òru. Nígbà tí mo fi máa sùn, ó ti dá mi lójú pé ìjà Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ló sọ fìtílà mi di búlúù. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi fi ẹ̀tẹ̀ ara mi sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá ilẹ̀ òkèèrè. Ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo gbé ìtìjú tà, mo lọ bi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń fèsì bí ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo torí bọ́tìnì kúrò nílé onílé. Ojú ẹsẹ̀ ló dá mi lóhùn: barrier ni. Barrier ni a fi ń sọ fún káàdì pé kó jẹ́ kí iṣẹ́ kan parí kó tó fọwọ́ kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ó kọ ọ́ fún mi, ó tò ó dáadáa, mo fi sí i. Búlúù. Mo ní kò ṣiṣẹ́. Ó ní mo jàre, ó tọrọ àforíjì, ó fún mi ní òmíràn. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, barrier inú kóòdù mi pọ̀ débi pé káàdì náà ń dúró ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, géèmù tó ń sáré tẹ́lẹ̀ wá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo àforíjì rẹ̀ ni mo gbà. Kò sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé kí n fi struct fìtílà náà, ìyẹn àpótí tí mo to àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sí, han òun, èmi náà ò sì fi hàn án. Ìlà mẹ́ta péré ni struct ọ̀hún. Kí ló lè bàjẹ́ nínú ìlà mẹ́ta?

Lálẹ́ ọjọ́ kọkànlá, mo ń sún fìtílà kejì kiri láìnídìí, bí ẹni tó ń fi ìka lu tábìlì. Ìyàwó mi ń kọjá lẹ́yìn mi. Ó dúró. Ó ní, “Iná apá ọ̀tún lẹ ń gbé kiri, kí ló dé tó jẹ́ ti apá òsì ló ń mọ́lẹ̀ sí i?”

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Bí mo bá sún ti ọ̀tún sí ọ̀tún sí i, ti òsì á mọ́lẹ̀. Bí mo bá fà á padà, á ṣókùnkùn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo ti ń wò ó tí mi ò rí i, torí àwọ̀ ni mo gbájú mọ́. Fìtílà méjì kì í gbọ́ ti ara wọn báyẹn àfi bí wọ́n bá ń jẹun nínú àwo kan náà.

Mo ṣí RenderDoc, èyí tó yẹ kí n ti ṣe lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀fẹ́ ni, á dá àwòrán kan dúró, á sì jẹ́ kí ẹ rí gbogbo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ káàdì nígbà tó ń yà á. Ogún ìṣẹ́jú ni mo lò. Ipò fìtílà jẹ́ vec3, ìyẹn nọ́ńbà mẹ́ta pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ vec3, agbára jẹ́ float kan, ìyẹn nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gba byte mẹ́rin nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Lọ́dọ̀ C++, èdè tí mo fi ń kọ géèmù, ipò bẹ̀rẹ̀ ní byte 0, àwọ̀ ní 12, agbára ní 24, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 28. Lọ́dọ̀ shader, ìyẹn ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì, òfin tí wọ́n ń pè ní std140 ló ń ṣiṣẹ́, òfin náà sì sọ pé vec3 ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn àfi ní ìlọ́po 16. Nítorí náà, àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 16, agbára ní 28, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 32. Byte mẹ́rin.

Ẹ bá mi kà á. Mo kọ pupa sí byte 12, shader ò wo ibẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí pupa ò fi dá nǹkan kan. Ó mú àwọ̀ ewé mi, ó pè é ní pupa. Ó mú búlúù mi, ó pè é ní àwọ̀ ewé. Ó mú agbára mi, 4.0, ó pe ìyẹn ní búlúù. Nígbà tó wá ń wá agbára ní byte 28, ohun tó bá níbẹ̀ ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ fìtílà kejì, ìyẹn bó ṣe jìnnà sí ọ̀tún tó. Mo ti ń fi ipò fìtílà kan tan òmíràn. Kò sí àṣìṣe kankan lọ́dọ̀ driver, káàdì, Táíwàn tàbí Netherlands.

Inú mi dùn, inú sì bí mi, mi ò mọ èyí tí mo máa ṣe ṣáájú. Òfin yìí ti wà láti 2009, látìgbà OpenGL 3.1, nígbà tí káàdì ṣì fẹ́ràn kí nǹkan máa wà ní mẹ́rin mẹ́rin. Mo ti ń lo shader fún ọdún pípẹ́, mi ò sì mọ̀ ọ́n, torí pé engine yẹn ló ń bá mi to byte wọ̀nyẹn láìsọ̀rọ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ara ohun tí mo ń sanwó fún nìyẹn. Kàkà kí wọ́n kọ èyí sínú lẹ́tà wọn, bọ́tìnì ni wọ́n ń sọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kéré débi pé ó ń tini lójú. Mo gbé agbára sókè kó tẹ̀ lé ipò, kó lè wọ inú byte mẹ́rin tó ṣófo yẹn, mo sì fi float kan tí kò wúlò sí ìparí. C++ ka 32, shader ka 32. Fìtílà kìíní di ìyeyè, ìkejì sì tàn. Lẹ́yìn náà ni mo lo odindi ọ̀sán kan láti yọ àwọn barrier àforíjì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ lónìí, mi ò ní fi vec3 sínú buffer, ìyẹn ẹrù nọ́ńbà tí mo ń kó fún káàdì, rárá. Vec4 ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́, byte tó bá ṣòfò kó ṣòfò. Àwọn kan á ní kí n lo scalar layout, òfin tó ń to byte láìfi àyè sílẹ̀, tó wọnú Vulkan 1.2, mo gbọ́, àmọ́ kí Vulkan 1.4 tó dé, ọ̀ràn-an-yàn kọ́ ni fún káàdì láti gbà á, èmi ò sì fẹ́ tún máa bá káàdì dúnàá dúrà. N ó sì ṣí RenderDoc kí n tó ka ìròyìn kankan. Ẹni tó bá sì ń kọjá lẹ́yìn yín, tí kò mọ nǹkan kan nípa kóòdù, ẹ dá a dúró kó wò ó.

Òjìji ló kù báyìí. Mo pe ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan sí i kó wá wo yàrá ìyeyè náà. Ó ní ó dára, ó ní òjìji tábìlì wá ńkọ́. Mo ti ṣí fáìlì rẹ̀. Struct rẹ̀ ní nǹkan márùn-ún nínú, static_assert tó ń ka byte rẹ̀ sì ni ìlà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí i.