Àṣìṣe tó ń jẹ owó dátà yín nínú iṣẹ́ kóòdù ọ̀fẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi ní Kàbà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Ẹ mọ Git tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà kóòdù, ẹ mọ pull request tí a fi ń bẹ oníṣẹ́ kí ó gba àyípadà wa, n kò ní kọ́ yín ní ìyẹn. Owó dátà àti owó epo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń fi ṣòfò nídìí kóòdù ọ̀fẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni lè rí kí ó sì bá wọn tún ṣe, ni mo bá wá.

Èkíní, ẹ yéé gbé gbogbo ìtàn iṣẹ́ ńlá wálẹ̀. Láti 1991 ni Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti wà, gígábáìtì bíi mélòó kan sì ni ìtàn àyípadà rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já ní ìdajì, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ó tún padà sí. `git clone --depth 1` á gbé ti òní nìkan wá.

Èkejì, ẹ ka CONTRIBUTING, fáìlì tí wọ́n kọ ìlànà fún ẹni tó bá fẹ́ ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ sí.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ yín. Èmi náà ṣe é rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tan jẹnẹrétọ̀ lóru, mo tún gbogbo kóòdù iṣẹ́ kan tò, mo pààrọ̀ orúkọ inú rẹ̀, mo fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ìlà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń tọ́jú iṣẹ́ náà tì í pa lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo ní agbéraga ni. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ẹni yẹn níṣẹ́ tó ń jẹun níbẹ̀, alẹ́ ló fi ń ka tiwa láìgba kọ́bọ̀, òun náà ni ìbá sì máa tún gbogbo ìlà yẹn ṣe lẹ́yìn tí mo bá ti bá tèmi lọ. Ta ló ń wọ oko iṣu olóko, tí ó ń tú ebè rẹ̀ tún kọ, tí ó wá ń retí ọpẹ́?

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi, ìlà mẹ́rin ni. Ètò ìwé atúmọ̀ kan kì í rí "ẹ̀kọ́" bí a bá wá a. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún ẹ̀: kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ẹ àti àmì ohùn, òmíràn á kọ e, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú wa rí ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà rí méjì. Mo ṣí issue, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìṣòro lójú ìwé iṣẹ́ náà, mo fi àpẹẹrẹ hàn wọ́n, mo béèrè bóyá kí n sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo tí Unicode là sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dá mi lóhùn ni mo tó kọ nǹkan.

Ẹ má sì torí ẹ̀bùn ṣe é. Ní 2020, Hacktoberfest, ètò kóòdù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Kẹwàá lọ́dọọdún, ń fún ẹni tó bá fi pull request mẹ́rin ránṣẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì. Ìdọ̀tí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi yí òfin padà láàárín oṣù yẹn.

Bí ẹ bá gba issue tí kò ṣeé ṣe mọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹlòmíràn lè gbà á. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ fi test, kóòdù tó ń yẹ iṣẹ́ yín wò, kún un, ẹ má bínú lọ. Wọ́n ní kí n fi kún ìlà mẹ́rin tèmi náà, mo sì ṣe é lálẹ́ ọjọ́ kejì.