Hándù ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì àtijọ́: kẹ́ ẹ tó sáré lọ Ládípọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Hiace àtijọ́ tàbí Volkswagen T4 (1990 sí 2003 ni wọ́n ṣe ìyẹn), lọ́ọ̀kù tó wà nínú ilẹ̀kùn ló sábà máa ń pa hándù. Gírísì rẹ̀ á ti gan, eruku á ti kún un, ẹni tó fẹ́ wọlé á wá máa fagbára já a, kọ́ńdọ́ náà á tún dì í mú rọ̀ mọ́ ọkọ̀, tó bá wá ṣẹ́ wọ́n á ní ayédèrú ni. Ẹ ra tuntun lẹ́ẹ̀mẹwàá, á ṣẹ́ náà ni.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ fi sukurudiráfà yí ìkọ́ lọ́ọ̀kù títí tó fi máa dún kọ́, kẹ́ ẹ wá fa hándù. Tí ìkọ́ yẹn bá ń lọ́ra, ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi gírísì díẹ̀ sí i, díẹ̀ ni mo ní o. Tó bá jẹ́ pé hándù ń ṣe yọ̀ọ́yọ̀ọ́ lọ́wọ́ yín tí ò mú nǹkan kan, á jẹ́ pé kílíìpù rọ́bà tó so ó mọ́ rọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó ń fa lọ́ọ̀kù, ló já, owó kékeré sì ni ìyẹn. Ẹ má fi wáyà so ó jàre, á tún já lójú títì ni.

Tó bá ṣẹ́ lóòótọ́, ẹ mú èyí tó ṣẹ́ dání lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó, tàbí ti Gate tẹ́ ẹ bá wà n'Ìbàdàn, torí ti ọ̀tún ò bá ti òsì mu, ti Hiace tó jáde kí 2004 tó dé sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn ẹ̀. Èmi o, tókunbọ̀ onírin ni màá rà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun tó ń dán gbinrin yẹn, rọ́bà ni wọ́n kun, sípíríǹgì wọn ò lágbára. Ẹ fà á kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ padà kíá, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí rọ́ọ̀dù ti ń kọ́ ọ bóyá ó ti sán. Ẹ yọ ojú kọ́kọ́rọ́ ti àtijọ́ sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ má baà máa kó kọ́kọ́rọ́ méjì kiri.

Tẹ́ ẹ bá dè é tán, ẹ tún fi sukurudiráfà dán an wò bíi ti àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó ti ilẹ̀kùn, torí tí rọ́ọ̀dù ò bá kọ́ dáadáa, ilẹ̀kùn ò ní ṣí mọ́, pánẹ́ẹ̀lì inú ò sì rọrùn láti tú tó bá ti wà ní títì.